Ikán Dé Ẹnu Ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Àbàtà

"Ilé tí mo kọ́ nírọ̀lẹ́ àná," Ṣódipọ̀, ọ̀gá àwọn tó ń kọ́lé fún ìlú, wí, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ojú ọ̀run, "kí n tó jí láàárọ̀ yìí, ó ti bí ìbẹta. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ nígbà tó ń rọbí, Màmá Oníwọ̀n. Èmi ni mo gbé omi gbígbóná fún un. Àwọn ọmọ náà ti dé páànù sórí báyìí, àkọ́bí inú wọn sì ti ń hu òkè kejì bí ọmọ tí ń hu eyín."

Bí irọ́ bá ń wúwo ni, èyí nìkan ìbá ti lu ilẹ̀ ìlú Ìlọsíwájú jálẹ̀, wọn ì bá sì máa fi okùn wá ìlú kiri nínú kòtò. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà gbọ́ ọ, ó gbé ẹnu kúrò lórí oúnjẹ. Ọkùnrin kan láàárín èrò fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, aládùúgbò rẹ̀ sì gún un ní ìgúnpá.

"Pa ẹnu ẹ dé. Ẹni tó fi ilé kíkọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, ó ṣì ń pọn omi fún Ikán dòní."

Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun.

Màmá Oníwọ̀n, ẹni tí ìgbìmọ̀ ìlú rán wá ka ilé tí èèyàn ń gbé, kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbà á gbọ́. Àgbàlagbà obìnrin ni, ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan kọ́ sáyà, èyí tí wọ́n ń pè ní Etí. Ó wo oòrùn. "Ọ̀gá Ṣódipọ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ilé tó bímọ, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá kí i kú ewu."

Ayọ̀ká jókòó sókè nínú orí Ikán, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, eyín rẹ̀ ń lọ ara wọn. Òun ló ń wa Ikán. Ẹ̀rọ náà tóbi débi pé bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn á ti sá aṣọ gbẹ, á ti ká a, á ti lọ̀ ọ́, kí òjò tó kàn án. Ẹnu rẹ̀ níwájú ń jẹ ilé àtijọ́: ògiri, páànù, fèrèsé, títí kan ìkòkò tí ẹni tó sá jáde gbàgbé sórí iná. Ikùn rẹ̀ á lọ̀ ọ́ kúnná, á fi sìmẹ́ńtì àti omi pò ó, ilé tuntun á sì máa bọ́ jáde ní ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tútù, tó ń rú èéfín bí ìgbẹ́ màlúù láàárọ̀ ọyẹ́.

Lónìí, ìdí Ikán kọ sí Ọgbà Ìdẹ̀ra, níbi tí ilé tuntun tò lọ títí ojú fi rẹ̀ ẹni tó ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ kọ sí Ìsàlẹ̀ Àbàtà, àdúgbò tí Ayọ̀ká fúnra rẹ̀ ń gbé. Láti orí ẹ̀rọ, ó ń rí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó ń rí bàbá rẹ̀, Bàbá Àrẹ̀mú, tó gbé àga síta, tó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó kọjú sí ẹnu Ikán bí ẹni ń wo ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ilé tí Ayọ̀ká ti fi Ikán bí láyé, bí wọ́n bá ní kí ó kà wọ́n, á di arúgbó kó tó ka ìdajì. Yàrá tí òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé kéré débi pé ẹni tó bá fẹ́ yíra padà lójú oorun ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí àwọn méjèèjì bá jọ yíra lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á bá ara rẹ̀ lóde.

Màmá Oníwọ̀n dúró níwájú ilé àkọ́kọ́ ní Ọgbà Ìdẹ̀ra. Ó tún gèlè ṣe.

"Àgò onílé o."

"Hẹ̀ẹ́n," ilé ha ọ̀fun. "Àgò yà o. Ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun."

Etí tó wà láyà Màmá dún kín-ín. Ní àárín ìlú lọ́hùn-ún, lórí Ọ̀pá Ìlera, ọ̀pá gílásì tó ga ju gbogbo òrùlé lọ, tí wọ́n fi ń wọn bí ara ìlú ṣe yá tó, iná pupa gùn sókè díẹ̀. Àwọn tó ń gbé abẹ́ afárá yọ orí jáde wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì tún wọ abẹ́ afárá padà.

"Ó wà láàyè," Màmá Oníwọ̀n wí. Kò wọlé. Òfin kò ní kó wọlé. Òfin ní ilé tó bá ti dáhùn àgò, èèyàn ló ń gbé inú rẹ̀. Ó kọjá sí ilé kejì. Ohùn obìnrin pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ ló dáhùn níbẹ̀: "Hẹ̀ẹ́n. Àgò yà o. Ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun."

"Òun náà wà láàyè."

Ṣódipọ̀ yíjú sí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Àbàtà tí wọ́n dúró ti ẹrù wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. "Ṣé ẹ rí bí ara ìlú ṣe ń yá? Bí ọgbà yìí bá dáhùn tán, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ilé ti kún, èèyàn ṣì ń wá sí i. Ikán gbọ́dọ̀ jẹun nìyẹn. Bí Ikán ò bá jẹun, iná á rẹlẹ̀. Bí iná bá rẹlẹ̀, ìlú dùbúlẹ̀ àìsàn. Àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó àìsàn bá ìlú?"

"Ṣódipọ̀, ọmọ mi," Bàbá Àrẹ̀mú ní, kò dìde lórí àga. "Sún mọ́ mi. Etí mi ti ń wúwo. O ní ara ta ló yá?"

"Ara ìlú ni, Bàbá."

"Ìlú wo? Ìyá Mọnsúrù rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀yìn ń dùn ún láti oṣù tó kọjá, wọ́n ní kò sóògùn nílé ìwòsàn. Àwọn ọmọ Sàdíkù tí ẹ jẹ ilé wọn lọ́dún tó kọjá, abẹ́ afárá ni wọ́n wà. Èmi náà, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ìlú tí ara rẹ̀ yá yìí, mú un wá kí n kí i."

Ìyá Mọnsúrù fi ìborùn bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì.

"Bàbá, ẹ̀yin náà ṣe bíríkìlà rí," Ṣódipọ̀ wí. "Hẹ̀ẹ́n. Ẹ mọ̀ pé níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, ibẹ̀ loúnjẹ wà. Káfíńtà á jẹ, oníyanrìn á jẹ, olóúnjẹ á tà."

"A jẹ lóòótọ́. Nígbà tiwa, bí a bá ń fi bíríkì lélẹ̀, alẹ́bà ti ń bọ̀ lókèèrè. Bí a bá kọ́lé tán, onílé á kó wọ̀ ọ́, á bímọ síbẹ̀, ọmọ á fi èédú ba ògiri jẹ́, wọ́n á tún pè wá wá kùn ún. Ilé tìrẹ yìí, ta ló jẹ nínú ẹ̀? Ikán ló kọ́ ọ, Ikán ló jẹ. Ẹsẹ̀ tó wú kò sanra, Ṣódipọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tó ń jó káàkiri pé òun ń tóbi, ẹ tètè bá a wá oníṣègùn."

Ṣódipọ̀ rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, ó fi bàbá sílẹ̀, ó wá gun àkàbà Ikán lọ bá Ayọ̀ká.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ti ń gùn ún wá bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé Ayọ̀ká mọ̀. Ojoojúmọ́ ni Ayọ̀ká ń wa Ikán gba inú Ọgbà Ìdẹ̀ra, kò rí aṣọ kan lórí okùn rí, kò gbóòórùn ata níbẹ̀ rí, kò sì gbọ́ kí ìyá kan bú ọmọ rẹ̀. Ilé tí wọn ò ti bú ọmọ rí, ilé wo nìyẹn? Ó mọ̀ pé àpótí kékeré kan ló wà lẹ́yìn ògiri kọ̀ọ̀kan, òun ló ń dáhùn àgò. Ó mọ ẹni tó ni ohùn inú àpótí pẹ̀lú. Ọkùnrin náà fún ohùn pọ̀ láti fi ṣe ìyàwó, ó fẹ̀ ẹ́ láti fi ṣe baálé, ó rọ̀ ọ́ láti fi ṣọmọ. Ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ ha ọ̀fun bí ẹni tí egungun ẹja há sí.

Ayọ̀ká mọ gbogbo èyí, ó sì dákẹ́. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá kọ̀, awakọ̀ mìíràn á gun orí Ikán kí ìjókòó tó tutù. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bàbá òun ti darúgbó.

"Ìyá Ikán, àǹtí mi dáadáa," Ṣódipọ̀ wí, ó fi orí wọlé. "Hẹ̀ẹ́n. Ẹ má fajú ro. Èmi kì í yẹ àdéhùn." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan lápò, ó ń dán yànrànyànràn. "Tiyín nìyí, ẹ̀yin àti Bàbá. Yàrá mẹ́rin. Bàbá lè fi ọ̀kan ṣe yàrá ìbínú wọn."

Ayọ̀ká gba kọ́kọ́rọ́. Ó rí bàbá rẹ̀ lójú inú, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì tán lórí ibùsùn, kò kan ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó rí Ìyá Mọnsúrù lábẹ́ afárá, tó ń wá ibi tó máa fi ẹ̀yìn tó ń dùn ún tì.

"Ìyá Mọnsúrù ńkọ́?"

"Àǹtí mi, èèyàn kan kì í kú ikú gbogbo ayé."

"Ilé wo ló ni kọ́kọ́rọ́ yìí?"

"Ìlà ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ògiri ọgbà. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Bí Màmá bá ti kà á tán, ẹ̀yin ṣáà tẹ Ikán lọ. Kẹ́ ẹ sì bá mi pa ẹnu mọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ayọ̀ká wo kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́.

Ìlà ẹ̀yìn.

Òun ló bí ìlà ẹ̀yìn. Ṣódipọ̀ fúnra rẹ̀ ló dúró sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó ń pariwo pé kí ó má fi àsìkò ṣòfò lórí ilẹ̀kùn, pé Màmá Oníwọ̀n kì í rìn débẹ̀, ìlà iwájú ló ti máa fi Etí gbọ́ wọn. Ògiri ni wọ́n yíká, bí ẹyin. Wọ́n kàn mú ọ̀dà, wọ́n ya àwòrán ilẹ̀kùn sí wọn lára, wọ́n sì ya ihò kọ́kọ́rọ́ sí i kó lè dára.

Ṣódipọ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé tí kò nílẹ̀kùn. Kì í tilẹ̀ ṣe pé ó fẹ́ tàn án jẹ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọgbọ́n tan èèyàn jẹ, ó ka onítọ̀hún sí. Èyí ò rántí pé èèyàn wà nínú orí Ikán lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Ó rò pé ẹ̀rọ ló wa ẹ̀rọ.

Ìbínú mú Ayọ̀ká. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi omi tútù pa. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà lé e lórí ní wákàtí náà, á jinná kí wọ́n tó rí iyọ̀ mú.

Nísàlẹ̀, Màmá Oníwọ̀n ti dé ilé igun. Ó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn náà kò tíì gbẹ dénú, ó ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, Màmá sì fi orúnkún balẹ̀ gbàgà.

"Pẹ̀lẹ́ o."

Gbogbo Ìsàlẹ̀ Àbàtà ló wí i. Kò sẹ́ni tó rò ó kó tó wí i. Ìyá Mọnsúrù, tí wọ́n fẹ́ wó ilé mọ́ lórí lọ́sàn-án yẹn, wí i. Bàbá Àrẹ̀mú dìde lórí àga, ó wí i. Ọlọ́pàá tó mú kùmọ̀ lọ́wọ́ láti lé wọn jáde, òun náà wí i.

Ilé tó wà níwájú Màmá gan-an, tí fèrèsé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án níwájú orí, kò sọ nǹkan kan.

"Yéè, orúnkún mi," Màmá ń kérora. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Ó di ògiri mú. "Àgò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

"Hẹ̀ẹ́n. Àgò yà o. Ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun."

Màmá Oníwọ̀n kò dìde. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó ṣubú sí, ó ń wo ilé náà lójú.

"Ọ̀gá Ṣódipọ̀, ta ló ń gbé ibí?"

"Tọkọtaya kan ni, Màmá, pẹ̀lú ọmọ márùn-ún. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n."

"Mo ṣubú sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn ò kí mi pẹ̀lẹ́."

"Hẹ̀ẹ́n. Adití ni wọ́n, Màmá."

"Adití ló dá mi lóhùn àgò?"

"Etí kan ló di, Màmá. Èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ àgò ò di."

"Gbogbo wọn?"

"Ó wà nínú ìdílé wọn ni."

Ayọ̀ká na ọwọ́ mú gbohùngbohùn. Ohun tí wọ́n fi ń lé èèyàn jáde nílé ni, kí Ikán tó la ẹnu. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, òun ò ní gun orí Ikán mọ́ láyé. Bóyá wọ́n á sì fi òun pọn omi. Ó wo bàbá rẹ̀ tó ṣì dúró, tó ń na ọrùn bóyá Màmá ti lè dìde. Ó pa ẹ́ńjìnì. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Àgò onílé o."

Gbogbo Ọgbà Ìdẹ̀ra ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà. "Hẹ̀ẹ́n", bí ẹni pé gbogbo erin tó wà nínú igbó ayé ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ há sí lọ́fun. Ewé já lórí igi. Páànù tuntun gbọ̀n. Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ dákú. Ìyàwó pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, baálé olóhùn gbẹ̀ndù, ọmọ wẹ́wẹ́, wọ́n jùmọ̀ dáhùn láti ìlà iwájú dé ìlà ẹ̀yìn: "Àgò yà o. Ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun."

Gbogbo ojú yí sí Ṣódipọ̀.

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. "Hẹ̀ẹ́n," ó ní, ó sì gbọ́ ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ọ̀fun.

"Ṣódipọ̀," Ìyá Mọnsúrù pè é jẹ́jẹ́. "Ìwọ nìkan lò ń gbé gbogbo ilé yìí? O ò ṣe sọ fún mi kí n wá máa bá ẹ gbálẹ̀?"

Ayọ̀ká ti sọ̀ kalẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Màmá Oníwọ̀n lọ́wọ́, ó sì fà á dìde.

"Màmá, ẹ ní kó mú yín lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Ẹ ní kó fi kọ́kọ́rọ́ yìí ṣílẹ̀kùn ilé tó fún mi. Èmi ni mo fi Ikán bí i, kò nílẹ̀kùn. Ọ̀dà ni." Ó yíjú sí Ṣódipọ̀, kò sì bọ̀wọ̀ fún un mọ́. "O ní kí n jẹ ilé ọmọ Sàdíkù, mo jẹ ẹ́. Ìyá kan ń yọ páànù rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì fa ọmọ sẹ́yìn, mo tẹ Ikán lọ, torí o ní ìlú nílò ilé. Ilé èèyàn la fi ń bọ́ ẹ̀rọ, ká lè rí amọ̀ fi kọ́lé fún ohùn ẹ. Ohùn ẹ ń gbé yàrá mẹ́rin-mẹ́rin. Bàbá mi ń sùn ní ìkákò."

"Ẹ má dá a lóhùn," Ṣódipọ̀ wí, ó ń lọ sẹ́yìn. "Màmá, ẹ rò ó wò. Bí ẹ bá pa iye yìí rẹ́, iná á wálẹ̀. Gbogbo ìlú á mọ̀ pé ara wa ò yá."

"A ti mọ̀," Bàbá Àrẹ̀mú ní.

Màmá Oníwọ̀n wo Ọ̀pá Ìlera lókèèrè. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ náà, ó jọ pé kò tíì sọ gbólóhùn kejì tó wà nínú òfin rí, èyí tí wọ́n ń sọ sí ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ó gbé Etí sún mọ́ ẹnu.

"Òkú ilé ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò tíì jáde dáadáa. Ó tún un wí. "Òkú ilé ni gbogbo wọn. Ẹ kà wọ́n kúrò."

Iná pupa kọ́kọ́ dúró bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ lórí ọ̀pá, ó wálẹ̀ gbọọrọ títí ó fi kan ìdí gílásì. Àwọn tó wà lábẹ́ afárá jáde síta. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ọlọ́pàá tó kí Màmá pẹ̀lẹ́ gbé kùmọ̀ rẹ̀ sí apá kejì, ó sì yíjú sí Ṣódipọ̀.

Ṣódipọ̀ ò dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ wí. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ó fi bàtà sílẹ̀, ó fi iyì sílẹ̀, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Eré tó sá lọ́jọ́ náà, òjìji rẹ̀ ò lè bá a; òjìji dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹ. Àwọn géńdé Ìsàlẹ̀ Àbàtà tẹ̀ lé e. Inú Ọgbà Ìdẹ̀ra ló gbà, ibẹ̀ sì ti kún fún àwọn tó wá wòran.

"Àgò lọ́nà," ó ń bẹ̀ wọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, àgò, àgò."

Èrò kò yà fún un. Àwọn ilé ló dá a lóhùn. Ilé kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá á ha ọ̀fun, á kí i káàbọ̀, á ní kó wọlé wá jẹun. Kò yà sí ọ̀kankan. Ó fi ìgúnpá la èrò, ó fo ògiri ọgbà, ó já sínú àbàtà lódìkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún pọ̀ṣọ̀-pọ̀ṣọ̀ nínú ẹrẹ̀, títí wọn ò fi gbọ́ ọ mọ́.